Òkè Kejìlá Nínú Fà-kí-n-fà

Odindi ọdún mẹ́fà ni obìnrin awakọ̀ kireni kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi wà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn nílé ìyá wọn, bí ẹ̀gbọ́n bá gba iwájú wọlé, àbúrò á gba ẹ̀yìn jáde. Ìyá wọn jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ti bọ́ sáyé. Ó bẹ̀ wọ́n, kò ràn. Ó bínú, kò ràn. Ó sunkún, ẹ̀gbọ́n nu ojú fún un, àbúrò gbá a mọ́ra, ọ̀rọ̀ sì wà bó ṣe wà. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Àwọn ọmọ rò pé ó ti gba kámú. Wọ́n gbàgbé pé agbẹ̀bí tó bá dákẹ́, àkókò ló ń kà.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ó pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó ní ilé àkójọ géèmù àtijọ́ kan ń wá Fà-kí-n-fà, wọ́n wá a títí ó sú wọn, òun sì ti sọ fún wọn pé ọ̀kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Òun ti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ọkọ̀ wọn ń bọ̀ wá gbé e. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé e, wọ́n fẹ́ ya fídíò bí wọ́n ṣe ń gbá a, pàápàá òkè kejìlá, nítorí kò tíì sẹ́ni tó yà á rí. Kí ó wá gbá a fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò lè dá a gbá. Ìyá ní òun mọ̀, kó ṣáà máa bọ̀. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó pe àbúrò, ó sọ ohun kan náà fún un, àbúrò sì fún un ní èsì kan náà.

Ó yẹ kí n sọ bí géèmù náà ṣe rí, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́mọdé, bọ́tìnì ni àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń gbá géèmù tiwọn, àtàǹpàkò ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Fà-kí-n-fà yàtọ̀. Àpótí kan ni, tó gùn tó búrẹ́dì kan, okùn gba inú rẹ̀ kọjá, ìdìmú kan wà lápá ọ̀tún, ìkan wà lápá òsì. Ẹni méjì ló ń jókòó tì í, kò ṣeé dá gbá. Lójú tẹlifíṣọ̀n, èèyàn kékeré méjì ń gun òkè, okùn so wọ́n pọ̀ níbàdí. Pupa ni ti ẹ̀gbọ́n, Yẹ́lò ni ti àbúrò. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà lórí ìdìmú kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n fi ń di àpáta mú. Bí Pupa bá ti di àpáta mú, tí ẹ̀gbọ́n sì tú okùn díẹ̀, Yẹ́lò á máa fì síwá sẹ́yìn nísàlẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá já okùn náà sọ́dọ̀ lójijì, Yẹ́lò á fò sórí pèpéle àpáta tó kàn, á di ibẹ̀ mú, yóò sì kan Pupa láti fò. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa gbé ara wọn gòkè. Bí ọ̀kan bá já bọ́, àwọn méjèèjì ló já bọ́ nìyẹn.

Orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ ọ́ gùn, ahọ́n kò sì gbà á. Àwọn ọmọ méjèèjì ló fún un ní Fà-kí-n-fà. Ọjà rẹ̀ kò tà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa géèmù fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ló fẹ́ máa tọrọ ẹnìkejì kó tó lè ṣeré nínú yàrá ara rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi ṣíwọ́ ṣíṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ilé agbẹ̀bí yìí, gbogbo ìsinmi ilé ìwé ni okùn náà fi ń dún. Òkè méjìlá ló wà níbẹ̀. Wọ́n gun mọ́kànlá. Òkè kejìlá kò gbà fún wọn títí wọ́n fi dàgbà.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, ẹ̀gbọ́n di awakọ̀ kireni, irú èyí tó ga gogoro lórí ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n ń kọ́, tí awakọ̀ rẹ̀ á gun àkàbà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi máa gbọ̀n kó tó dé orí àga. Ẹyẹ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Fún ọdún mọ́kànlá, kò fi ẹrù kan ẹnikẹ́ni. Àbúrò wà nísàlẹ̀ níbi iṣẹ́ kan náà, òun ló ń so ẹrù mọ́ ìkọ́, òun ló sì ń fọwọ́ júwe fún un. Ìka kan tó nà sókè tó ń yí: gbé e. Ìkúùkù: dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bátìrì rédíò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ tán, ó ku ọwọ́ nìkan. Òpó irin kan ni wọ́n fẹ́ gbé. Ẹ̀gbọ́n ní òun rí ìka tó ń yí, òun sì gbé e. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi so irin náà fún pinpin, ọwọ́ òsì àbúrò sì wà láàárín bẹ́líìtì àti irin. Ìka mẹ́ta bá a lọ, àtàǹpàkò àti èyí tó tẹ̀ lé e nìkan ló ṣẹ́kù. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, àbúrò sọ fún wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé òun kò tíì júwe. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Kí wọ́n tó gbà á, ó lọ sí ọsibítù náà. Ó bi àbúrò rẹ̀ ní ìbéèrè kan péré: ṣé lóòótọ́ ni kò júwe? Àbúrò kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ tó wá rí ni pé kó máa wa ọkọ̀ kékeré kan tó ń fi irin méjì ti ẹrù káàkiri inú ilé ìkẹ́rù. Lẹ́yìn ọdún méjì, òfin gbà á láyè láti tún ìdánwò láísẹ́ǹsì ṣe. Kò lọ. Kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Sátidé dé, aago kan kọjá díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀. Àbúrò ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó ń ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó mọ ẹni tó ni ín, kò yíjú. Ẹ̀gbọ́n wo ìyá rẹ̀. Ìyá ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé fèrèsé ni ọmọ tó bí. Àbúrò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káàsán, ilẹ̀ ló sì kọjú sí nígbà tó ń kí i. Ẹ̀gbọ́n náà jẹ́ ẹ, ó dá ògiri lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n ì bá ti padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, bí kì í bá ṣe ti àlejò tó wà nínú ilé. Obìnrin tí ilé àkójọ rán wá ti dé. Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kò jù ti ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn lọ, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo okùn Fà-kí-n-fà, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó pè wọ́n sún mọ́ ọn. Fọ́nrán mẹ́jọ ni wọ́n hun sínú okùn náà, àmọ́ nítòsí ìdìmú òsì, márùn-ún ti já. Mẹ́ta ló kù. Ó ní òun mọ àpótí bẹ́ẹ̀ mẹ́rin láyé, okùn gbogbo wọn ló ti já, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ mọ́. Wọn ò lè fi téèpù lẹ̀ ẹ́, torí á há sínú kẹ̀kẹ́ tó wà nínú àpótí. Bí fọ́nrán mẹ́ta yìí bá já, kò sẹ́ni tó máa rí òkè kejìlá mọ́ nìyẹn.

Ó tún sọ ìkan tí kò bára dé rárá. Bátìrì kékeré tó ń bá géèmù náà rántí ibi tí èèyàn gùn dé ti kú. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òkè kìíní, kí wọ́n sì parí kí ọkọ̀ tó dé ní aago mẹ́rin.

Ìyá fa àga méjì sún mọ́ àpótí náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó ní kí wọ́n jókòó, ẹsẹ̀ ń dun òun láti máa wò wọ́n lóòró. Wọ́n jókòó. Àpótí náà nìkan ló wà láàárín wọn, ejìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́fà.

Òkè mẹ́ta àkọ́kọ́ kò le. Ọwọ́ wọn rántí ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Fà, tú, já, dì í mú. Ìró okùn náà nìkan ni wọ́n ń gbọ́, bí ẹni ń ha igi. Ní òkè kẹrin ni nǹkan yíwọ́. Apá ọ̀tún àpótí náà ni àbúrò máa ń jókòó sí láti kékeré, ọwọ́ òsì ló sì fi ń fa okùn, torí òun ló sún mọ́ ọn. Àtàǹpàkò àti ìka kan kò ká ìdìmú. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Yẹ́lò já bọ́, Pupa tẹ̀ lé e. Wọ́n tún un ṣe, ó tún bọ́. Ẹ̀gbọ́n kò wo ọwọ́ náà. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, eyín rẹ̀ sì há mọ́ra wọn.

Ẹ̀mí mẹ́ta ni géèmù náà ń fún wọn lórí òkè kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tán, òkè kìíní ni wọ́n ń padà sí. Ó ku ẹyọ kan. Àbúrò dìde, ó yí àga rẹ̀ padà, ó sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tààrà kó lè fi ọwọ́ ọ̀tún fa okùn náà. Báyìí, kó tó lè rí tẹlifíṣọ̀n, àfi kó yí ọrùn. Bí kò bá yí i, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n gun òkè kẹrin tán. Ní òkè kẹfà, wọ́n tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ẹnìkejì fẹ́ já okùn. Obìnrin ilé àkójọ náà rọra sọ pé kò burú bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fídíò á tiẹ̀ dára sí i. Ìyá ní kó má ṣe ìyọnu, àwọn ọmọ òun ti fi ohùn wọn pamọ́ sí báńkì.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Fà," ó wí.

Àbúrò fà á. Pupa fò, ó di àpáta mú.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni wọ́n ń sọ, fà àti tú. Àbúrò ń fi ọ̀wọ̀ sí tirẹ̀, ẹ fà, ẹ tú. Òkè keje, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án. Obìnrin náà ń wo okùn, kò wo òkè mọ́. Lórí òkè kẹwàá, fọ́nrán kan já. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, ó dún tó! bí èékánná tó kán. Ó ku méjì. Wọ́n dúró. Aago ogiri lù, aago mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì tún gbá ìdìmú mú.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé òkè kejìlá. Ibẹ̀ ló ti ń pa wọ́n láyò láti kékeré. Bí èèyàn bá gùn ún dé ìdajì, ìkùukùu á bo ojú tẹlifíṣọ̀n pátápátá, á di funfun báláú. Pèpéle ò hàn, Pupa ò hàn, Yẹ́lò ò hàn. Ẹni tó bá wà lókè á ṣáà di àpáta mú, kò ní mọ ohunkóhun. Ìdìmú ẹni tó ń fì nísàlẹ̀ nìkan ló máa ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó bá kọjá lábẹ́ pèpéle. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Á ní kí wọ́n fà, ẹni òkè sì gbọ́dọ̀ fà lójú ẹsẹ̀, láìrí nǹkan kan. Bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan falẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Pupa ni géèmù náà sì máa ń kọ́kọ́ fi sókè nínú ìkùukùu náà.

Ìkùukùu bò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn. Àbúrò dúró, ó ń tẹ́tí sí ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ fà."

"Ṣé kí n fà?"

Ó ti pẹ́ jù. Ohùn ìṣubú géèmù náà dún. Ẹ̀mí kan lọ.

Wọ́n tún gùn ún dé inú ìkùukùu. Àbúrò ní kó fà. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ó tún béèrè, "O ní kí n fà?" Wọ́n já bọ́. Ẹ̀mí kejì lọ.

Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Aago mẹ́ta àbọ̀ kọjá. Àbúrò kò wo tẹlifíṣọ̀n rárá, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ó rí òógùn lókè ètè rẹ̀. Ó rí bí ó ṣe ń di ojú méjèèjì, tó ń là wọ́n, tó tún ń dì wọ́n, bí ẹni tó fẹ́ kàwé tí kò hàn. Ẹni tó ti mọ ẹ̀gbọ́n yìí nígbà tó ń fi ọwọ́ kan gbé irin tó wúwo ju ilé lọ, tó ń gbé e ka ilẹ̀ bí ẹyin, kò lè mọ̀ pé òun náà nìyí.

Ìyá ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Kò gbóhùn sókè. "Kí ló dé tó o fi ń bi í lẹ́ẹ̀mejì?"

Ẹ̀gbọ́n kò yíjú.

"Màmá, ojú mi ò dá mi lójú mọ́," ó wí. "Etí náà ò dá mi lójú. Mo rí nǹkan lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní mi ò rí i. Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí mo rí tí mi ò kọ́kọ́ bi ara mi bóyá ó wà níbẹ̀."

Ó ní dókítà ojú mẹ́rin ni òun ti lọ bá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ojú òun mọ́ kedere. Ó ní nínú ilé ìkẹ́rù, bí wọ́n bá fọwọ́ pe òun, òun máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ béèrè kí òun tó wakọ̀, wọ́n sì ti ń fi òun rẹ́rìn-ín. Ó sọ gbogbo rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ síbì kan. Lẹ́yìn náà ló ní kí àbúrò jẹ́ kí wọ́n gùn ún lẹ́ẹ̀kan tó kù yìí, kí òun lè máa lọ ilé òun.

Wọ́n gùn ún. Ìkùukùu dé. Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, ó tú okùn, Yẹ́lò ń fì níbi tí ojú kò tó. Ìdìmú gbọ̀n lọ́wọ́ àbúrò, ó kọjá. Ó gbọ̀n, ó tún kọjá. Kò sọ pé kó fà.

"Mo júwe," ó wí.

Ìdìmú tún gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún kọjá.

"Mo júwe lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo nàka sókè, mo sì yí i. Ẹ rí i dáadáa. Lẹ́yìn tí mo júwe tán ni mo rí i pé bẹ́líìtì náà lọ́, mo sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi ni mo ṣe ara mi. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan."

Obìnrin ilé àkójọ náà na ọwọ́ sí kámẹ́rà rẹ̀ láti pa á. Ẹ̀gbọ́n sọ fún un, láìgbé ojú kúrò lára funfun tó wà níwájú rẹ̀, pé kó má pa á. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi sá kúrò níbẹ̀, ó funfun.

"Tún un sọ."

Àbúrò tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ ìyókù. Ìwé ìkìlọ̀ méjì ló ti wà lọ́rùn rẹ̀ níbi iṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀kẹta, wọ́n á lé e, kò sì sí ibi ìkọ́lé tó máa gbà á mọ́. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n kò ní ìwé ìkìlọ̀ kankan láti ọdún mọ́kànlá. Ó rò pé wọ́n á kàn bá a wí ni, wọ́n á sì jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n gba láísẹ́ǹsì, ó fẹ́ sọ òótọ́, ó sún un di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Ẹ̀gbọ́n fa okùn náà mọ́ra. Kì í ṣe fífà géèmù. Ó kàn ń fà á ni, díẹ̀díẹ̀, ìbínú ló ń fà á. Ọ̀kan nínú fọ́nrán méjì tó kù já. Obìnrin náà fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu. Ìyá dìde lórí àga, ó tún jókòó. Ẹ̀gbọ́n wo fọ́nrán kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó dín agbára ọwọ́ rẹ̀ kù, ó dín in kù, títí okùn náà fi rọ̀.

"Níbo lo wà?" ó béèrè.

"Mo ń fì nísàlẹ̀ yín."

"Sọ ìgbà tó bá tó."

Àbúrò dúró. Ìdìmú kò gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ó gbọ̀n.

"Ẹ fà."

Ẹ̀gbọ́n fà á. Kò béèrè nǹkan kan. Yẹ́lò fò wọ inú funfun, kò sì sí ohùn ìṣubú. Àbúrò tẹ bọ́tìnì, ó di ibi tí kò rí mú. Ó di ti Pupa láti tẹ̀ lé e. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó fà, ó tú, fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́, torí fọ́nrán kan yẹn. Kò sí ìdáríjì nínú ohùn ẹ̀gbọ́n, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ nínú ohùn àbúrò, iṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìkùukùu náà ká kúrò. Ojú ọ̀run búlúù hàn. Èèyàn kékeré méjì náà jókòó sórí òkè, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì sùn lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ àwọn tó ṣe géèmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, orúkọ mọ́kànlá péré.

Obìnrin ilé àkójọ náà ń nu ojú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó ń sunkún fún. Ó rọra sọ pé òun lè gé ọ̀rọ̀ wọn kúrò nínú fídíò, kó ku òkè nìkan. Àbúrò ní kí ó gé e fún ilé àkójọ, ṣùgbọ́n kó fún òun ní ẹ̀dà tí wọn ò gé, òun mọ ibi tí òun ń gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n ti dìde. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó bu omi sójú. Nígbà tí àbúrò tẹ̀ lé e, ó nawọ́ sí i pé kó dúró níbi tó wà.

"Láàárọ̀ Mọ́ńdè, níbo lo ti máa kọ́kọ́ lọ?"

"Ọ́fíìsì àwọn olùwádìí, mà."

"Ó dáa," ẹ̀gbọ́n wí. "Mi ò lè sọ ju ìyẹn lọ lónìí. Má bẹ̀ mí."

Aago mẹ́rin lù, ọkọ̀ dé. Ìyá ló bá wọn gbé àpótí náà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan nínú àwọn tó wá gbé e bi í bóyá kò dùn ún láti fi nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ó ti ṣe ohun tí òun tìtorí ẹ̀ tọ́jú rẹ̀.

Àbúrò lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó rẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, kó ọmọbìnrin wọn lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ fún oṣù kan gbáko kó tó padà. Àbúrò wá rí iṣẹ́ pé kó máa wa ọkọ̀ tó ń gbé bíríkì. Àwọn olùwádìí kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n pé kò jẹ̀bi. Ó ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì, ó kùnà nígbà àkọ́kọ́, torí ó ṣì ń falẹ̀ jù. Ó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì yege. Ó tún ń gun àkàbà láràárọ̀ báyìí, ó ní eékún òun ti dàgbà ju òun lọ.

Kò lọ sílé àbúrò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí àbúrò bá pè é lórí fóònù, á gbé e, á gbọ́ ọ, á ní ó ti gbọ́. Ìyá kò dá sí i. Nígbà tí ọmọ àbúrò náà pé ọdún méje, ó lọ, ó mú ìwé àwòrán dání. Ó fẹ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà kó sì yí padà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fà á lọ́wọ́ wọlé kó tó mọ̀. Ó jókòó sí etí àga, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Àbúrò rẹ̀ bu omi sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó dúró. Ọmọ náà ń wò wọ́n, kò mọ ìdí tí bàbá òun kò fi jókòó. Ẹ̀gbọ́n wo omi náà títí. Lẹ́yìn náà, ó gbà á, ó mu ún tán, ó sì ní bóyá ó ṣì kù.